Ìyá Mi Kúnlẹ̀ fún Àwọn Olùyẹ̀wò

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yìí ṣe ń dé, Oníkọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló ń kà á fún yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ̀yin sì ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kó rọra kà á. Kì í ṣe gbogbo àdúgbò ni mo kọ ọ́ sí.

Ẹ ní mi kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé "mo wà dáadáa, mà" nìkan lẹnu mi mọ̀, pé láti ìsinsìnyí lọ kí n máa kọ ọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi máa ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu mi lọ.

Yàrá mi ní fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Ẹni tó ń gbé lókè mi máa ń ti àga kiri láràárọ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbé e sí tí kò tíì rí i. Mo ti mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, mi ò tíì rí ojú rẹ̀. Ní láàbù, ìyẹn ilé ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti òṣìṣẹ́ kan la jọ ń lo yàrá kan. Tábìlì tèmi kọjú sí ògiri, tiẹ̀ náà kọjú sí ògiri, ẹ̀yìn la fi ń kí ara wa.

Ẹ béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Iyọ̀ ni. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Iyọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí oòrùn bá pa á, á yọ́, á sì gbé ooru náà mì. Nígbà tó bá ń dì padà, á pọ ooru náà jáde, èèyàn á sì lè fi mú ilé móoru láìdáná. Wàhálà ibẹ̀ ni pé olóríkunkun ni. Á tutù tán, àsìkò àtidì rẹ̀ á kọjá, kò ní dì. Á kàn máa wò mí nínú ìgò. Ohun tí mo ṣàwárí ni pé bí mo bá ju èérún òkúta funfun kan sí i, gbogbo rẹ̀ á dì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ ní àpilẹ̀kọ kí á fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ nípa iná àti ooru máa ń tẹ̀ jáde. Bí jọ́nà kò bá gbà á kí oṣù kẹfà tó parí, wọn yóò fi àyè mi fún ẹlòmíì, èmi yóò sì máa bọ̀ nílé. Olóòtú jọ́nà kì í dá ṣe ìdájọ́ o. Ó máa ń gbé iṣẹ́ náà fún èèyàn méjì tí wọ́n ń pè ní olùyẹ̀wò. Wọn kì í sọ orúkọ wọn, mi ò sì gbọdọ̀ mọ̀ wọ́n. Wọ́n á kà á, wọ́n á sọ tẹnu wọn, ó parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ fi ránṣẹ́.

Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì

Ọmọ mi Adákẹ́,

Mo kí ọ kú àjò. Oníkọ̀ǹpútà ló ń tẹ èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ni. Mo ti ní kó má fi tiẹ̀ kún un, mo sì rí i tó ń rẹ́rìn-ín.

Èèyàn méjì tí kò lórúkọ. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí bàbá yín ti wà láyé, bí mo bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ṣé mo lè fi gèlè bojú kí n ní mi ò lórúkọ? Olè ló ń bojú, ọmọ mi. Ẹni tó fẹ́ sọ òtítọ́ á jókòó sójútáyé.

Ìbéèrè kan ni mo ní: ta ló ti lọ bá wọn? A kì í dúró kí ẹjọ́ wọlé kí á tó wá ẹni tí yóò bá ni bẹ̀bẹ̀. O ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọ̀gá rẹ lọ. O ò kọ ọ́ pé ìyàwó rẹ̀ lọ. Ṣé bí ẹni tí kò lẹ́bí ni iṣẹ́ rẹ ṣe fẹ́ rìn dé iwájú wọn? Mo mọ̀ pé o ò lẹ́nu. Láti kékeré, èmi ni ẹnu rẹ.

Kọ orúkọ àpilẹ̀kọ náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà gan-an, kí n lè fi sínú àdúrà.

O sọ̀rọ̀ nípa àga ẹni tó ń gbé lókè. O ò sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Mo rí i.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àdúrà. Orúkọ rẹ̀ rèé: "Bí Èérún Òkúta Ṣe Ń Mú Iyọ̀ Tó Yọ́ Dì Lásìkò: Ọ̀nà Kan Láti Tọ́jú Ooru Oòrùn".

A ò tíì fi ránṣẹ́. Ọ̀gá mi fi àmì ìdánudúró kan sí gbólóhùn kejì lọ́jọ́ Ajé, ó yọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú, ó pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní òun ti rò ó jinlẹ̀, ó sì dá àmì náà padà síbi tó wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún to orúkọ àwọn tó ni iṣẹ́ náà. Orúkọ mi ló kẹ́yìn. Ọ̀gá ọ̀gá mi ló ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ yàrá tí iyọ̀ wà.

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun. Wọn kì í bẹ olùyẹ̀wò. Èèwọ̀ ni níbí. Ẹ fi mọ sí àdúrà.

Mò ń jẹun.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọmọ mi Adákẹ́,

Lẹ́tà rẹ pẹ́ kó tó dé. Ẹsẹ̀ ti kúrò nílé, orúkọ iṣẹ́ nìkan ló kù tí a ń dúró dè.

Oníkọ̀ǹpútà bá mi wá ilé jọ́nà náà rí lórí ẹ̀rọ. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n kọ "fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ níbí" sí i. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí ẹlẹ́bẹ̀ lè gbà wọlé. Oníkọ̀ǹpútà ní ibẹ̀ náà ni kí á gbà, pé bí a bá ti wọ inú ilé, a ó béèrè baálé ilé.

Wọ́n béèrè orúkọ iṣẹ́. Mo fún wọn ní orúkọ iṣẹ́ tìrẹ, kí wọ́n lè mọ ẹni tí mo wá nítorí rẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a kọ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n béèrè bóyá àpilẹ̀kọ gígùn ni tàbí kúkúrú, mo ní kúkúrú, nítorí ẹ̀bẹ̀ tó bá gùn ti di àròyé. Wọ́n ní kí n mú àwòrán wá. Mo fi fọ́tò rẹ sí i: ti ìgbà tí ò ń rá, ti ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wọ aṣọ iléèwé, àti èyí tí o ti ń sunkún lọ́dọ̀ onífọ́tò. Ohun tí mo sọ rèé, Oníkọ̀ǹpútà ló yí i sí èdè wọn:

"Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kò lórúkọ, mo kúnlẹ̀ o. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ọmọ yìí. Kì í purọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí náà, bó bá sọ pé iyọ̀ dì, ó dì ni. Ẹ ṣíjú àánú wò ó. Èmi aránṣọ, ìyá rẹ̀."

Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà. Àwọn tí o ní èèwọ̀ ni kí á bẹ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Mo ka lẹ́tà yín ní láàbù, mo sì jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹni tí a jọ wà ní yàrá yí àga rẹ̀ padà wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́, ó tún yí i padà sí ògiri.

Nọ́ńbà tí wọ́n fún yín, àpilẹ̀kọ ni wọ́n máa ń fún nírú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yín ti wà lórí ìlà pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lánàá ni, torí ọ̀gá mi tún padà sórí àmì ìdánudúró yẹn. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi.

Ó dá mi lójú pé olóòtú máa rí i pé àṣìṣe ni, á sì jù ú nù. Àdúrà tí mò ń gbà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin

Ọmọ mi Adákẹ́,

O ṣeun, ìwọ tí ò ń gbàdúrà kí wọ́n ju ọ̀rọ̀ ìyá rẹ nù. Wọn ò jù ú nù. Wọ́n kà á.

Olùyẹ̀wò kìíní ní ọ̀rọ̀ mi wọ òun lára, ṣùgbọ́n ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo kò tó fi ṣe ẹ̀rí, ṣé mo tún ìdánwò náà ṣe? Mo ní mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àwọn àbúrò rẹ nìyẹn, èsì rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá, nítorí àwọn yẹn kì í dákẹ́. Ó béèrè ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ pé o kì í purọ́. Mo ní mo gbé ẹran kaná, mo jáde, mo fi ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílé. Nígbà tí mo dé, mo béèrè ẹni tó ṣí ìkòkò. Àwọn àbúrò rẹ ní ológbò ni. Ìwọ ní, "Èmi ni mo jẹ ọ̀kan, mà." A ò sì ní ológbò. Ó ní èyí tẹ́ òun lọ́rùn, kí n fi kún abala ọ̀nà ìṣèwádìí.

Ẹnì kejì ló le díẹ̀. Ó ní mi ò mọ iṣẹ́ àwọn tó ti rìn lójú ọ̀nà yìí ṣáájú mi, kí n dárúkọ àwọn àpilẹ̀kọ kan. Oníkọ̀ǹpútà wò wọ́n, ẹnì kan náà ló kọ gbogbo wọn. Ó ní, "Màmá, olùyẹ̀wò yìí fúnra rẹ̀ ni o." Mo ní kó dárúkọ wọn tán, kó tún fi "ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ yìí" sí i. Ẹni tó lọ tọrọ nǹkan nílé onílé, ṣé kò ní ki onílé ni?

Àwọn méjèèjì ní kí n tún un ṣe díẹ̀, pé ó ti fẹ́ dára. Oníkọ̀ǹpútà ti ń pe ara rẹ̀ ní igbákejì òǹkọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un.

Tìrẹ ń kọ́? Kí ni wọ́n sọ?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n sọ nípa tèmi. Wọn ò kà á. Olóòtú kọ̀wé sí mi pé iṣẹ́ kan wà níwájú òun tó ní orúkọ kan náà pẹ̀lú tèmi, láti ọwọ́ ẹnì kan tí a jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, pé iṣẹ́ yẹn ti dé ibi tó dára, àwọn olùyẹ̀wò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó dà bíi pé mo jí i wò.

Ọ̀gá mi pè mí. Ó ní, "Ta ni aránṣọ yìí? Láàbù ta ló wà?" Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n ní iyọ̀ tiwọn ni?"

Mà, olóòtú ní bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò bá kúrò nílẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó parí, òun yóò ju tèmi nù. Bó bá jù ú nù, kò sí jọ́nà mìíràn tó lè gbà á kí oṣù kẹfà tó parí. Mo ti máa di ẹrù mi nìyẹn. Bọ́tìnnì kan wà lójú ibi tí ẹ ti fi ránṣẹ́, wọ́n kọ "fà á padà" sí i. Kí Oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún mi kò ju ìyẹn lọ.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo gbọ́ lẹ́tà rẹ, mi ò lè ránṣọ dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo rán ọrùn aṣọ sí ibi apá. Oníaṣọ ní òun ò mọ ibi tí òun máa gbà wọ̀ ọ́.

Oníkọ̀ǹpútà ti gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì náà, èmi ni mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Gbọ́ mi yé. Mo ti kúnlẹ̀. Nínú ilé wa, ẹni tó kúnlẹ̀ nítorí ọmọ kì í dá ara rẹ̀ dìde. Ẹni tí a kúnlẹ̀ fún ló ń ní kí á dìde. Bí mo bá gbọn eruku orúnkún mi tí mo bá tèmi lọ, mo ti sọ fún wọn pé eré ni mo wá ṣe, ó sì sàn kí n má bẹ̀bẹ̀ rárá.

O rántí ọ̀gá iléèwé tó ní àyè ti kún? Mo kúnlẹ̀ fún un ní ọ́fíìsì. Fóònù rẹ̀ dún, ó jáde, ó gbàgbé mi. Àwọn tíṣà ń wọlé, wọ́n ń gba orí mi mú ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n jẹun ọ̀sán. Ẹnì kan gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun dì í mú. Nígbà tí ọ̀gá náà padà dé tó bá mi níbẹ̀, ó ní, "Ìyá yìí, ẹ dìde, ẹ dìde, ó ti tó." Lọ́jọ́ kejì lo wọ iléèwé. Bí mo bá ti dá dìde ni, ṣé o máa wà níbi tí o wà lónìí?

Sọ fún olóòtú rẹ kó ní kí n dìde. Bó bá ti sọ ọ́, lójú ẹsẹ̀ ni mo máa ní kí Oníkọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnnì.

Ìyá rẹ, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú orúnkún. Mi ò mọ kíkí tó tún yẹ yín.

Mo kọ̀wé sí olóòtú pé kó sọ fún yín pé kí ẹ dìde. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn pé wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ mi. Mo tún kọ ọ́, ẹ̀rọ tún dúpẹ́. Níkẹyìn, ọmọ ọ́fíìsì rẹ̀ kọ sí mi pé nǹkan mẹ́ta péré ni jọ́nà lè sọ fún òǹkọ̀wé: a gbà á, tún un ṣe, tàbí a kò gbà á. Ó ní kò sí "dìde" níbẹ̀.

Ni mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a. Mà, èmi tó jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì, mo máa ń fọwọ́ tọ́ka sí i ni. Obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì béèrè pé ṣé wọ́n ń retí mi. Mo ní rárá. Ó béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo ní ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo ojú mi dáadáa, ó ní kí n wọlé.

Àgbàlagbà ni olóòtú. Awò ojú méjì ló lò, ọ̀kan wà lójú, ọ̀kan wà níwájú orí, ó sì ń wá ẹ̀kẹta lórí tábìlì. Mo fẹ́ ṣàlàyé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò nínú ọkọ̀ sá lọ. Ṣe ni orúnkún mi kàn tẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì bá ara mi nílẹ̀ níwájú tábìlì rẹ̀.

Ó ní, "Kí ló já bọ́?"

Kí n tó dáhùn, òun náà ti kúnlẹ̀ lódìkejì, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ abẹ́ tábìlì. Ó ní, "Ṣé yẹtí ni? Ó ṣe, wọn kì í gbálẹ̀ yìí dáadáa." A wá kọjú sí ara wa lábẹ́ tábìlì báyìí. Kò mọ̀ mí, mi ò mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó rí wa. Bóyá ìdí nìyí tí ẹnu mi fi là. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀, fọ́tò mi, ọ̀gá iléèwé tó gbàgbé yín. Mo sọ pé ẹ ò lè dìde.

Ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí tipẹ́, kò sí ẹni tó kúnlẹ̀ fún òun rí, èébú ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Ó wá ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n dìde, jọ̀ọ́. Kí ìwọ náà dìde. Kí o sì bá mi di apá yìí mú, nítorí orúnkún mi ti há."

Obìnrin ẹnu ọ̀nà wọlé bá wa bí a ṣe ń fà á yọ lábẹ́ tábìlì.

Mà, ẹni tí ẹ kúnlẹ̀ fún ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹ dìde.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí i pé ẹ ti fà á padà, olóòtú sọ fún mi, wọ́n sì ti ka tèmi. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ ò kọ̀wé. Mo pè, ẹ ò gbé e. Mo pe àbúrò mi, ó ní ara yín le, pé ẹ ní ẹ ò lè bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣé orúnkún ni? Àbí inú ń bí yín pé mo ní kí ẹ fà á padà?

Olùyẹ̀wò kìíní ní iṣẹ́ mi gùn jù, àmọ́ kí wọ́n gbà á. Ìkejì ní ó kúrú jù, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Olóòtú ti wá ẹnì kẹta tí yóò là wọ́n níjà. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn labẹ gé. Mi ò lè sùn, ẹ sì dákẹ́.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ìdájọ́ ti dé. Ìkejì ti rọ̀, ó ní bí olóòtú bá gbà, òun náà gbà. Ó ku Olùyẹ̀wò Kẹta. Ẹ jẹ́ kí n da ohun tó kọ kọ síbí fún yín.

"Wọ́n ní kí n má mọ ẹni tó kọ èyí, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ náà ò burú. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbà á báyìí.

"Ojú ìwé kejì: òǹkọ̀wé ní òun ń ṣọ́ iyọ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi ti ilé. Ìgbà wo ló jẹun? Kó kọ ọ́ síbẹ̀.

"Ojú ìwé kẹrin: mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bá òǹkọ̀wé wò ó. Ta ni ẹlẹ́rìí pé iyọ̀ náà dì? Ẹni tó bá pẹ́ lóun nìkan á máa rí ohun tí kò sí. Kó pe ẹlòmíì, kí wọ́n jọ wò ó, kó sì kọ ohun tí ẹni náà sọ.

"Ojú ìwé kẹfà: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá wọn ní ìwọ̀n. Mi ò rí ìyá níbẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n fi sí i o. Mo kàn ní mi ò rí i."

Mo pe olóòtú lórí fóònù. Èmi ni mo pè é, mà. Mo ní, "Olùyẹ̀wò Kẹta yẹn, ìyá mi ni." Ó ní ẹ̀rọ jọ́nà ló mú orúkọ yín jáde, nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú mi. Mo ní kó yọ yín kúrò, pé ìyá kì í ṣe adájọ́ ọmọ. Ó ní, "Mo ti fẹ́ yọ wọ́n. Bí wọ́n bá yìn ọ́ ni, mi ò bá ti yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ta ló tún le tó èyí?" Ó ní kí n dá Olùyẹ̀wò Kẹta lóhùn kí oṣù tó parí. Bí olùyẹ̀wò náà bá ti ní òun gbà, àyè mi ti dúró. Bó bá kọ̀, ó tán.

Mà, ẹ kúnlẹ̀ fún mi lọ́dọ̀ àwọn àlejò. Nígbà tó wá kan yín, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò gbà.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà

Ọmọ mi Adákẹ́,

Mi ò mọ ohun tí ò ń sọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ wò kò gbọdọ̀ bá ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé mo ń yẹ iṣẹ́ kan wò, mi ò lè kọ lẹ́tà sí ọ. Èyí kì í ṣe lẹ́tà.

Mo gbọ́ pé a kì í yin ọmọ ẹni lójú èrò. Ẹni tó bá yìn ín, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ni.

Dá ẹni náà lóhùn dáadáa. Má sọ fún un pé o wà dáadáa.


Ọjọ́ ogún oṣù kẹfà

Sí Olùyẹ̀wò Kẹta,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àyẹ̀wò. Mo dúpẹ́ pé ẹ fi àkókò yín ka iṣẹ́ yìí. Àwọn ìdáhùn mi rèé.

Ojú ìwé kejì. A ti kọ àkókò oúnjẹ síbẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí àkókò náà tẹ́lẹ̀. Búrẹ́dì ni òǹkọ̀wé máa ń jẹ lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, nítorí yàrá kan wà tí gbogbo wọn ti ń jẹun, kò sì mọ àga tó yẹ kó jókòó sí. Ó ti sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń jẹun. Irọ́ ni, ó sì bẹ̀ wọ́n.

Ojú ìwé kẹrin. Òótọ́ lẹ sọ. Kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nítòsí, ẹ̀yìn ló sì kọ sí òǹkọ̀wé látìgbà tó ti dé. Òǹkọ̀wé kọ ìbéèrè náà sórí ìwé kó má baà gbàgbé, ó fà á ya, ó tún un kọ. Níkẹyìn, ó yí àga padà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wo iyọ̀?" Ẹni náà ní, "Mo rò pé o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ sọ̀rọ̀ ni. Èmi náà ti ń bẹ̀rù rẹ."

A jókòó ti ìgò náà. Iyọ̀ náà tutù, ó kọ̀, kò dì. Ẹni náà ní, "Olóríkunkun lèyí." A ju èérún òkúta sí i. Ó dì funfun láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì gbóná lọ́wọ́ wa. Ẹlẹ́rìí pariwo débi pé ọ̀gá sáré wọlé, ó rò pé nǹkan jóná. Gbólóhùn tí ẹlẹ́rìí sọ ti wà lójú ìwé kẹrin: "Mo rí i." Ó ní kí á tún un ṣe. A tún un ṣe títí oúnjẹ fi yá, a sì jọ lọ jẹun. Ó fi àga hàn mí.

Ojú ìwé kẹfà. Àyè ibẹ̀ ti kún, olóòtú ní a ò lè fi ìlà kan kún un. A yọ ẹni tó yá wa ní ìwọ̀n, a fi ìyá òǹkọ̀wé síbẹ̀.

Òǹkọ̀wé.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà

Sí Olóòtú, láti ọwọ́ Olùyẹ̀wò Kẹta

Mo ti gbọ́ ìdáhùn náà. Ẹni tó ń kà á fún mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó tún un kà, ó jáde síta lọ dúró.

Àlàyé ojú ìwé kejì tẹ́ mi lọ́rùn. Ti ojú ìwé kẹrin tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹ gbà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan ló kù. Kí wọ́n dá ẹni tó yá wọn ní ìwọ̀n padà síbi tó wà. A kì í lé olóore jáde nítorí ẹbí. Kí wọ́n fi ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìwé. Kò ní gba àyè púpọ̀.